Àpò omi tó díjú nínú kíndìnrín: èwo la ó ṣọ́, èwo la ó gé?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àpò omi nínú kíndìnrín ni kò mọ̀ pé òun ní in. Inú rírun tàbí ẹ̀yìn dídùn ló gbé wọn dé ibi tí wọ́n ti ń ya àwòrán ara, ni èsì bá dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí wọn ò bá lọ: àpò omi kan wà lára kíndìnrín òsì, ó sì díjú. Kíá, ọkàn ti fò sórí jẹjẹrẹ. Òótọ́ ni pé jẹjẹrẹ kíndìnrín lè fara pamọ́ sínú irú àpò bẹ́ẹ̀ nígbà tó ṣì kéré, tó sì ṣeé wò. Òótọ́ ni bákan náà pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àpò wọ̀nyí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni kí wọ́n ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì láìla inú ẹni tí kò yẹ kí wọ́n là.

Mo máa fi àwọn ìpele wé ara wọn, lẹ́yìn náà àwọn ọ̀nà tí wọ́n fi ń ya àwòrán, lẹ́yìn náà ohun tí ènìyàn lè yàn láti ṣe. Èrò tèmi kò fara sin: ibi tí ìpinnu ti máa ń wọ́ jù ni kí wọ́n gbé ọ̀bẹ, tàbí kí wọ́n ní kò séwu, lórí àwòrán tí kò lágbára láti dáhùn ìbéèrè tí wọ́n gbé ka iwájú rẹ̀.

## Ohun tí wọ́n ń wá gan-an

Àpò omi lásán rọrùn láti dá mọ̀. Ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́, omi inú rẹ̀ mọ́, kò sí ohunkóhun tó dábùú inú rẹ̀. Lórí ultrasound, dúdú ló máa ń rí látòkè délẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì mọ́lẹ̀ ju àyíká lọ nítorí pé ìró gba inú omi kọjá láìsí ìdíwọ́. Bí ọjọ́ orí bá ṣe ń ga ló ń wọ́pọ̀ sí i. Ẹni tó ti lé ní 50 ọdún tí wọ́n bá rí ọ̀kan tàbí méjì lára kíndìnrín rẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ pọ̀.

Ó di èyí tó díjú nígbà tí nǹkan mìíràn bá dá sí i: ìgànná tó pín inú rẹ̀ sí yàrá yàrá, ògiri tó nípọn, ẹ̀jẹ̀ tó ti dì, kálísíọ́ọ̀mù tó le gbagidi lára rẹ̀, tàbí kókó ẹran. Kì í ṣe gbogbo wọn ló wúwo bákan náà. Nígbà kan rí, kálísíọ́ọ̀mù máa ń dẹ́rù ba àwọn dókítà. Lónìí, wọn kì í tìtorí rẹ̀ nìkan sọ pé ọ̀rọ̀ ti burú. Ìbéèrè tó ṣáájú gbogbo ìbéèrè ni èyí: ṣé ohunkóhun wà nínú àpò náà tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọ̀? Omi kì í gba ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dídì náà kì í gbà á. Ẹran ara tó wà láàyè ló ń gbà á, jẹjẹrẹ sì jẹ́ ẹran ara tó wà láàyè.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ya àwòrán ṣáájú kí wọ́n tó fa kọ́ńtíráàsì, oògùn tó ń jẹ́ kí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń dé hàn lórí àwòrán, sí iṣan, tí wọ́n á tún yà á lẹ́yìn rẹ̀. Lórí CT scan, ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán ya inú ara, ìwọ̀n kan wà tí wọ́n fi orúkọ Godfrey Hounsfield pè, HU, tó ń sọ bí ibì kan ṣe ki tó. Omi jẹ́ 0. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ibì kan lára ògiri àpò jẹ́ 14 ṣáájú oògùn, tó wá di 41 lẹ́yìn rẹ̀. Ó fi 27 gòkè. Bí gígòkè náà bá ti tó 20, a jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń débẹ̀. Bó bá jẹ́ pé 26 ni 14 yẹn dé, 12 péré ló fi gòkè, ohun tó bá sì wà láàárín 10 sí 20 kò tíì ṣeé gbé ẹjọ́ kà. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ tún lè tan ni jẹ: bí ẹran kíndìnrín tó yí àpò kékeré ká bá mọ́lẹ̀ gan-an, nọ́ńbà inú àpò náà lè gòkè díẹ̀ nígbà tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹni tí wọ́n bá ya àwòrán rẹ̀ lẹ́yìn kọ́ńtíráàsì nìkan, níbo ni wọ́n ti máa rí nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí wọ́n á yọ kúrò? Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ pọ̀, torí pé nǹkan mìíràn ni wọ́n ń wá nínú ikùn nígbà tí wọ́n yà á. Òun ló ń bí ọ̀pọ̀ «ó díjú» tí kò díjú rárá.

## Ìpele márùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Ní 1986 ni Morton Bosniak, dókítà tó ń ka àwòrán ara ní New York, gbé ètò ìpele kan jáde tí wọ́n ṣì ń lò káàkiri ayé dòní. Mẹ́rin ni ìpele náà nígbà yẹn. IIF wọlé lẹ́yìn náà, F inú rẹ̀ sì ń sọ pé kí wọ́n máa tẹ̀ lé e. Ní 2019 wọ́n tún ètò náà ṣe. Ohun tí wọ́n ń fẹnu lásán sọ tẹ́lẹ̀, bíi «ó nípọn díẹ̀», wọ́n fi mílímítà sí i, wọ́n sì la ọ̀nà fún MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì ya inú ara, láti wọ inú rẹ̀.

| Ìpele | Ohun tí àwòrán fi hàn | Bí jẹjẹrẹ ṣe wọ́pọ̀ tó | Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe |
|---|---|---|---|
| I | Omi lásán, ògiri tí kò ju mílímítà 2 lọ, kò sí ìgànná | Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí | Wọ́n á fi í sílẹ̀ |
| II | Ìgànná fẹ́lẹ́ 1 sí 3, tàbí kálísíọ́ọ̀mù, tàbí omi tó ki bákan náà látòkè délẹ̀ tó tó 70 HU láìsí kọ́ńtíráàsì | Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí | Wọ́n á fi í sílẹ̀ |
| IIF | Ìgànná fẹ́lẹ́ 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí ògiri tàbí ìgànná dídán tó nípọn tó mílímítà 3, tó ń gba kọ́ńtíráàsì | Ó kéré | Ṣíṣọ́ fún ọdún 5 |
| III | Ògiri tàbí ìgànná tó nípọn tó mílímítà 4, tàbí tó rí págunpàgun, tó ń gba kọ́ńtíráàsì | Bí ìdajì | Iṣẹ́ abẹ tàbí ṣíṣọ́ |
| IV | Kókó tó ń gba kọ́ńtíráàsì | Bíi 9 nínú 10 | Iṣẹ́ abẹ lọ́pọ̀ ìgbà |

Ẹ má jẹ́ kí òpó kẹta yẹn já yín láyà ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn tí wọ́n gé àpò wọn tí wọ́n sì gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù ni wọ́n ti rí iye yẹn. Ẹni tí wọ́n ń ṣọ́, tí ara rẹ̀ le, tí ẹnikẹ́ni ò gé nǹkan kan lára rẹ̀, kò sí nínú ìṣirò. Nítorí náà, fún ìpele III pàápàá, ó ṣeé ṣe kí ìdajì yẹn ga ju bí nǹkan ṣe rí lára gbogbo àwọn tó ní irú àpò bẹ́ẹ̀.

Lórí I àti II, ọ̀rọ̀ ò pọ̀. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé ìpele II ni tiyín, tí wọ́n tún ní kí ẹ máa wá lọ́dọọdún, ẹ bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé àwòrán náà kò dá wọn lójú, ìyẹn sì yẹ ní sísọ síta. Èyí tó bá ń fún ni lára torí pé ó tóbi, àmọ́ tó jẹ́ omi lásán, wọ́n lè fa omi rẹ̀. Àpò tó díjú kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gún kí omi lè dínkù.

## IIF àti III: ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù

Láàárín ìpele méjì yìí, mílímítà 1 lè ya ẹni tó ń lọ sílé kúrò lára ẹni tó ń múra iṣẹ́ abẹ. Ẹ wo èsì kan tí mo gbé kalẹ̀ fún àpẹẹrẹ:

*Kíndìnrín òsì, apá ìsàlẹ̀. Àpò omi sẹ̀ǹtímítà 3.4. Ìgànná 5, fẹ́lẹ́, dídán, wọ́n gba kọ́ńtíráàsì. Ògiri mílímítà 2. Kò sí kókó.*

IIF nìyí, nítorí pé ìgànná rẹ̀ ti lé ní 3. Bí ẹ bá sọ ògiri yẹn di mílímítà 3, tí ó dán, IIF náà ni. Ẹ sọ ọ́ di 4, ó ti di III. Bí ẹ bá dá a padà sí 2, àmọ́ tí ibì kan wú síta díẹ̀ lára ìgànná, tí wíwú náà rọra dà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, tí kò sì ju mílímítà 3 lọ, III ni. Bí wíwú kan náà bá tó 4, ó ti di kókó, IV nìyẹn. Bí ó bá sì yọ ṣóńṣó síta, tí igun rẹ̀ mú, bó ti wù kó kéré tó, IV ni.

Ẹ rò ó wò báyìí: ojú ènìyàn ló ń wọn mílímítà yìí lórí ẹ̀rọ, níbi tí èémí aláìsàn ti ń mi kíndìnrín lókè sódò. Kò yani lẹ́nu pé dókítà méjì tó mọṣẹ́ lè ka àwòrán kan náà kí ọ̀kan pè é ní IIF, kí èkejì pè é ní III. Bí iṣẹ́ abẹ bá dúró lórí ìyàtọ̀ yẹn, kí ẹlòmíràn tó ń ka àwòrán ikùn lójoojúmọ́ tún un wò kì í ṣe àfojúdi sí ẹni àkọ́kọ́. Èmi ò ní gbà kí wọ́n gé kíndìnrín ẹni tèmi lórí ìpele III tí ẹnì kan ṣoṣo kà, àyàfi bí ọ̀rọ̀ náà bá hàn gbangba.

Ẹni tó bá wà ní IIF, ètò tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n ya àwòrán lẹ́yìn oṣù 6, lẹ́yìn oṣù 12, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún títí di ọdún 5. Kí ni wọ́n ń wá? Níbí ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti máa ń ṣì í. Sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n ń wò: ó jẹ́ 3.4 lọ́dún tó kọjá, ó ti di 3.9 lọ́dún yìí, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀, títóbi nìkan kò sí nínú ohun tí ètò Bosniak fi ń pín ìpele. Àpò omi lásán náà ń dàgbà. Ìrísí ni kí ẹ bi wọ́n: ṣé ògiri ti nípọn sí i, ṣé ìgànná ti di págunpàgun, ṣé kókó ti yọ níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀? Nínú àwọn IIF tí wọ́n ń tẹ̀ lé, bí 1 nínú 10 ló ń yí padà di III tàbí IV, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó yí padà báyìí ló sì máa ń jẹ́ jẹjẹrẹ. Èyí tí kò yí padà, jẹjẹrẹ inú rẹ̀ kò tó 1 nínú 100. Ìyẹn ló jẹ́ kí ṣíṣọ́ jẹ́ àyẹ̀wò gidi: àkókò ń sọ ohun tí àwòrán ẹ̀ẹ̀kan kò lè sọ.

Ní ìpele III, apá kejì ìdajì yẹn náà wúwo. Bí wọ́n bá gé gbogbo wọn, bí ọ̀kan nínú méjì ló máa pàdánù ara kíndìnrín rẹ̀ sórí ohun tí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Àwọn tó sì jẹ́ jẹjẹrẹ, èyí tó pọ̀ nínú wọn kì í yára. Ohun tí ìròyìn láti ilé ìwòsàn ń sọ ni pé jẹjẹrẹ tó jẹ́ pé àpò omi ló kún inú rẹ̀ kì í sábà tàn ká ara bí èyí tó ki bí ẹran. Irú kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ yàrá omi lásán pẹ̀lú ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lára ìgànná rẹ̀. Ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀ pọ̀ débi pé Àjọ Ìlera Àgbáyé yọ jẹjẹrẹ kúrò nínú orúkọ rẹ̀ ní 2016.

## CT, MRI tàbí ultrasound oníbọ́bùlù?

CT ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Ó yá, ó ń fi kálísíọ́ọ̀mù hàn kedere, ibi púpọ̀ ló sì ti wà. Àmọ́ ó ní ìtànṣán, ó sì nílò kọ́ńtíráàsì tí wọ́n máa ń ṣọ́ra fún lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti rẹ̀ gan-an. Kí ó wúlò fún ọ̀rọ̀ yìí, àfi kí wọ́n yà á ṣáájú àti lẹ́yìn oògùn, kí wọ́n sì gé àwòrán náà sí wẹ́wẹ́.

MRI ló dára jù nígbà tí nọ́ńbà CT bá wà láàárín 10 sí 20 yẹn, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ bá mú kí inú àpò ki. Kò ní ìtànṣán. Wọ́n lè yọ àwòrán ìṣáájú kúrò lára ti ìkẹyìn lórí kọ̀ǹpútà, kí ohun tó gba kọ́ńtíráàsì nìkan ṣẹ́kù. Ìnira rẹ̀ ni pé ó pẹ́, ẹni tí kò lè sé èémí dúró á ba àwòrán jẹ́, ẹ̀rọ ọkàn àti irin kan lára ènìyàn lè dí i lọ́wọ́. Kọ́ńtíráàsì rẹ̀, gadolíníọ́ọ̀mù, náà gba ìṣọ́ra fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewu àwọn èyí tí wọ́n ń lò báyìí kéré púpọ̀.

Ultrasound tí wọ́n ń fi bọ́bùlù tíntìntín ṣe ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọ́ rí, ó sì yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n á fa bọ́bùlù náà sí iṣan, dókítà á máa wò ó lójúkojú bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń wọ ìgànná. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń mí i jáde; kíndìnrín kò bá wọn dá sí i, ìtànṣán kò sí. Fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò lágbára, mo rò pé òun ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè bí ó bá wà nítòsí. Ibi tó kù sí ni pé ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é ló wà, àti pé gáàsì inú ikùn tàbí ọ̀rá lè bo àpò náà mọ́lẹ̀. Ultrasound lásán, ní tirẹ̀, dára láti fi rí i dájú pé omi lásán ni. Bí nǹkan bá ti díjú, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí.

Ìkìlọ̀ kan wà tí kò sí nínú ọ̀pọ̀ ìwé àlàyé. MRI àti ultrasound oníbọ́bùlù máa ń rí ìgànná ju CT lọ, wọ́n sì lè gbé àpò kan náà sí ìpele tó ga jù. Bí ọdún tó kọjá bá jẹ́ CT tó ní IIF, tí ọdún yìí sì jẹ́ MRI tó ní III, ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ ló yí padà, àpò kò yí. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa fi irú ẹ̀rọ kan náà tẹ̀ lé e.

## Ohun tó kù láti yàn

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gba ẹran ara fún àyẹ̀wò dà bí ohun tó bọ́gbọ́n mu: ẹ jẹ́ ká mú díẹ̀ ká mọ̀. Nínú àpò omi, kì í rí bẹ́ẹ̀. Omi ló pọ̀ níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lè wà lára ìgànná kan péré tí abẹ́rẹ́ kò kàn. Èsì tó bá ní «a ò rí jẹjẹrẹ» kò túmọ̀ sí pé kò sí. Níbi tí kókó bá wà tó tóbi tó láti gún, ìpele IV lọ́pọ̀ ìgbà, nǹkan yàtọ̀, ó lè wúlò.

Ṣíṣọ́ kò mọ sí IIF nìkan mọ́. Ìlànà American Urological Association, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìtọ̀ àti kíndìnrín ní Amẹ́ríkà, ti ọdún 2021 gbà pé dókítà lè fi ṣíṣọ́ bẹ̀rẹ̀ fún èyí tó díjú tí omi sì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kí wọ́n sì gé e nígbà tó bá yẹ. Ẹni ọdún 78 tó ní àrùn ọkàn, tó ní ìpele III sẹ̀ǹtímítà 2, ewu inú yàrá iṣẹ́ abẹ lè ju ewu inú àpò náà lọ. Ẹni ọdún 45 tí ara rẹ̀ le, tó ní ìpele IV pẹ̀lú kókó tó hàn, òdìkejì rẹ̀ ni: ọdún tó wà níwájú rẹ̀ pọ̀, kí wọ́n yọ ọ́.

Bí wọ́n bá fẹ́ gé, kí ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá apá kan ni wọ́n máa gé tàbí odidi kíndìnrín. Gígé apá kan ń dá agbára kíndìnrín sí, òun sì ni àkọ́yàn níbi tí ó bá ṣeé ṣe, pàápàá fún ẹni tó ní kíndìnrín kan ṣoṣo, ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó gba ọwọ́ tó dá múṣé, nítorí pé wọn kì í fẹ́ kí àpò náà bẹ́ sínú ikùn. Yíyọ odidi wà fún èyí tó tóbi tàbí tó wà níbi tí ọ̀bẹ kò lè yípo. Ẹni tí kò lè fara da iṣẹ́ abẹ tí tirẹ̀ kò sì tíì ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, wọ́n lè fi iná tàbí òtútù pa á láti ìta ara. Ó lè padà wá ju ti gígé lọ, àmọ́ wọ́n lè tún un ṣe.

Àwọn kan wà tí gbogbo tábìlì òkè yẹn kò bá mu. Ẹni tó jogún àrùn tó ń sọ kíndìnrín méjèèjì di kìkì àpò omi, tàbí tó ní àrùn von Hippel-Lindau, àrùn àjogúnbá tó ń mú kókó àti jẹjẹrẹ hù lára, nínú ìdílé, ètò tirẹ̀ yàtọ̀. Ibà, ìrora àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó fi àmì kòkòrò hàn lè jẹ́ pé ọyún ló wà nínú àpò náà, oògùn apakòkòrò ló sì máa wò ó. Bí wọ́n bá rí jẹjẹrẹ kíndìnrín lára ẹni tí kò ju ọdún 46 lọ, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ àjogúnbá lọ̀ ọ́.

Lójú ọ̀nà gbogbo èyí, bí ìtọ̀ bá di pupa, ẹ má dúró de oṣù 6 tí wọ́n kọ sínú káàdì. Nígbà tí ẹ bá sì ń kúrò níbi tí wọ́n ti ya àwòrán, ẹ gba díìsìkì àwòrán náà fúnra rẹ̀ dání, kì í ṣe ìwé èsì nìkan. Dókítà tó máa fi ti ọdún tó ń bọ̀ wé ti òní kò lè wọn mílímítà lára ìwé.